Bí Kọ̀ǹpútà Láíbìrì Bá Dákẹ́, Kí Ẹ̀kọ́ Ọmọ Wa Má Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú, lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́. A gbé e síbí fún àwọn ọmọ Ìgbògbò tó wà lẹ́yìn odi, àti fún àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè wá.

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì. Bí a bá ní ká sọ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa. Ẹyọ kan ni mo mú, torí mo rí i pé ó ń dà wá láàmú, a ò sì tíì jókòó sọ ọ́. Òun ni ọ̀rọ̀ láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí gúrúpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ ó ti rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí: "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé láíbìrì tiyín ń ṣí? Tiwa ò ṣí láti àná o." Òmíràn á ní: "Wọ́n ní àwọn ń ṣe update. N ò mọ ìgbà tí wọ́n máa parí, ọjọ́ Mọ́ńdè ni sùpáfáísọ̀ mi fẹ́ rí Chapter Two." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan á ti dá a lóhùn pé kó kàn lọ ṣà á jọ lórí Google. Ẹlòmíràn á wá bá a ní kọ̀rọ̀ pé kó mú owó wá, òun á bá a kọ púrójẹ́ẹ̀tì náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ọmọ tí kò rí ìwé kà lọ́jọ́ mẹ́rin ti ń wá ẹni tó máa bá a kọ iṣẹ́ rẹ̀. Owó iléèwé tí ìyá fi òwò kékeré kó jọ ti di owó à-ń-bá-ni-kọ-púrójẹ́ẹ̀tì. Bí àṣírí bá sì tú, ọmọ náà lè kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan lèyí. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Kí ni nǹkan tó ń bàjẹ́ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fojú inú wo ọjà Sábọ̀ ní Ìkòròdú. Bí ẹni tí kò mọ ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà, á béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ, níbo ni aṣọ wà. Ẹnìkan tó mọ ibẹ̀ á júwe fún un: ya sọ́tùn-ún, ka ìsọ̀ mẹ́ta, wàá rí i. Ẹni tó ń júwe yẹn ni a ń pè ní kátálọ́ọ̀gù. Ìwé tó wà lórí pẹpẹ ni ọjà. Bí ẹni tó ń júwe bá ṣàìsàn, ṣé ọjà tú? Kò tú. Ẹja wà lórí igbá, aṣọ wà lórí ìsọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ nìkan ni àlejò kò mọ̀.

Láyé àtijọ́, inú káàdì ni kátálọ́ọ̀gù wà. Àwọn tó lo láíbìrì Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà yẹn á rántí àwọn àpótí pẹlẹbẹ tó kún fún káàdì, tí o máa fà jáde tí o máa fi ìka ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Káàdì kò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n ó ń gba àsìkò, ẹnìkan ṣoṣo ló sì lè dúró ti àpótí kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè wá ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, láti yàrá wọn, ní òru. Oore ńlá ni. Àmọ́ gbogbo oore tó bá gba ọwọ́ iná, ọwọ́ wáyà àti ọwọ́ ènìyàn kọjá, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú ọwọ́ yẹn á já.

Ọ̀nà mẹ́rin ló sábà ń gbà já. Mo fẹ́ ká mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí oògùn wọn kò dọ́gba.

Èkíní: iná

Èyí kò ní ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹgbin ń bẹ níbí, ní ìhà Ìjẹ̀dé, kò jìnnà sí wa. Ilé-iṣẹ́ iná tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320 bí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, àwa tí a ń gbé ní ìtòsí rẹ̀ mọ bí òkùnkùn ṣe rí. Lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni gíríìdì orílẹ̀-èdè yìí wó lulẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe pé iná lọ nìkan ló ń ba kátálọ́ọ̀gù jẹ́. Bí iná bá já lójijì nígbà tí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé àkọsílẹ̀ ìwé gbogbo dání, ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ náà lè dàrú. Iná á padà dé, kátálọ́ọ̀gù kò ní padà. Wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí bátìrì àti ínfátà fi ṣe pàtàkì fún server ju fún èyíkéyìí nínú kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó tì.

Èkejì: ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹ ó rántí pé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe wá ṣìbáṣìbo. Báǹkì ń dúró, owó tí a fi ránṣẹ́ kò dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn wáyà tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: MainOne, WACS, ACE àti SAT-3. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló kàn, Gánà náà kàn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kàn. Wáyà MainOne yìí, láti Potogí ló ti wá, Lẹ́kí ló sì ti gun ilẹ̀ wa. Bí ẹ bá dúró ní Bàyékù tí ẹ kọjú sí ọ̀sà, òdìkejì ibẹ̀ lọ́hùn-ún ni Lẹ́kí wà.

Kí ni ìyẹn kan láíbìrì? Ó kàn án gan-an. Àwọn iléèwé kan máa ń gbé kátálọ́ọ̀gù wọn sórí server tó wà lókè òkun, torí iná kì í sábà lọ níbẹ̀. Ìwé jọ́nà tí yunifásítì ń sanwó fún, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Nítorí náà, ọmọ wa lè dúró níwájú pẹpẹ ìwé, kí ìwé náà wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó máa júwe rẹ̀ fún un ní láti gba abẹ́ òkun lọ, kó tún gba abẹ́ òkun bọ̀. Bí wáyà bá já lọ́nà, ìbéèrè rẹ̀ kò délé, èsì kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: olè orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ má rò pé òṣì ló ń fa gbogbo rẹ̀. Láíbìrì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, British Library ní London, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn láíbìrì tó tóbi jù láyé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Rhysida jálẹ̀kùn kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń lo ibẹ̀, wọ́n ba server jẹ́, wọ́n ní kí láíbìrì san owó ìdásílẹ̀. Láíbìrì kò san. Àwọn olè náà sì da ohun tí wọ́n kó sí ìta.

Ó di ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2024 kí kátálọ́ọ̀gù tó gbé àkọsílẹ̀ bíi mílíọ̀nù 36 dání tó padà sójú ayé. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 79. Ètò wọn tó ń kó ìwé ìwádìí àwọn tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, tí wọ́n ń pè ní EThOS, ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kàwé ní London, ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn.

Láíbìrì náà fúnra rẹ̀ kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024 kí àwọn ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ohun méjì ni mo fẹ́ ká mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n fura pé olè gbà wọlé jẹ́ ojú ọ̀nà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń gbà wọlé láti òde, pásíwọ̀dù nìkan ló sì wà lẹ́nu ibẹ̀, kò sí àgádágodo kejì. Ìkejì, ohun tó jẹ́ kí àtúnṣe pẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn ti gbó. Àwọn kan gbó débi pé wọn kò ṣeé gbé dìde mọ́ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkejì yìí sọ́kàn, torí òun ló gbé wa dé ibi tó kàn.

Ẹ̀kẹrin: ìtúnṣe fúnra rẹ̀

Èyí tí ọmọ ń bínú sí jù nìyí. "Wọ́n ń ṣe update." Kí ló dé tí wọ́n ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe?

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà ló ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Koha. Ní New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, fún láíbìrì Horowhenua, lọ́dún 1999. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ètò àtijọ́ tí wọ́n ń lò kò ní lè ka ọdún 2000, owó tí wọ́n fi máa ra tuntun kò sì sí. Wọ́n bá ṣe tiwọn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2000, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Koha, ní èdè Maori, ẹ̀bùn ni. Ẹ wo bí láíbìrì ìlú kékeré kan ṣe di ẹni tó ń júwe ìwé fún àwọn ọmọ wa lónìí!

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà ní ìtọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn tó ń bójú tó o ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá. Àwọn ihò tí olè lè gbà wọlé, inú ẹ̀dà tuntun ni wọ́n ti ń dí i. Láíbìrì tó bá jókòó lé ẹ̀dà àtijọ́ fún ọdún mẹ́fà nítorí pé kò fẹ́ dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọjọ́ méjì, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ ní London ló ń dúró dè. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká bú wọn torí pé wọ́n ń tún un ṣe. Bí a bá fẹ́ bá wọn wí, ká bá wọn wí bí wọn kò bá sọ fún ni ṣáájú, tàbí bí wọ́n bá yan ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ọmọ ń fi púrójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún un.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí àwa tí a ń sọ Yorùbá mọ̀. Lẹ́yìn ìtúnṣe, kọ̀ǹpútà ní láti tún gbogbo àkọsílẹ̀ tò, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun tó ń tu ẹrù. Bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà kò bá tíì parí, wàá wá ìwé, á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ìwé wà. Ti Yorùbá tún le sí i. Lẹ́tà wa bíi "ọ̀" kò jẹ́ ẹyọ kan lójú kọ̀ǹpútà. Àmì ohùn máa ń dá dúró lọ́tọ̀, á wá gun orí lẹ́tà. Ọ̀nà tí a lè gbà tọ́jú u ju ẹyọ kan lọ. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn. Bí ìtúnṣe bá yí ọ̀nà ìtọ́jú yìí padà, ìwé Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ sọnù sí ojútáyé. Kó tó di pé o ní ìwé kò sí, kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Lẹ́yìn náà, fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà, gbìyànjú sípẹ́lì àtijọ́: "Oshogbo" dípò "Osogbo", "Ilesha" dípò "Ilesa". Kọ orúkọ bàbá òǹkọ̀wé ṣáájú, "Fagunwa, D. O." tàbí "Johnson, Samuel". Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ní kò sí ló máa jáde.

Kí ni kí ọmọ ṣe lọ́jọ́ tó bá dákẹ́?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní LASUSTECH níbí ní Ìkòròdú, tí a mọ̀ sí Poly kó tó di yunifásítì lọ́dún 2022, ní LASUED tó ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́, ní LASU, ní UNILAG, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ibi tí ìwé yín ń gbé. Ọ̀pọ̀ láíbìrì yunifásítì wa ló ń lo ọ̀nà ìtòwé ti Library of Congress, tó fi lẹ́tà àti nọ́ńbà pín ìwé. Ìtàn Nàìjíríà, DT515 ni ẹ ó lọ. Èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, PL8821 dé PL8824. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó àti òwò, lẹ́tà HF. Nọ́ọ̀sì, RT. Kọ̀ǹpútà, QA76. Iná mànàmáná, TK. Iṣẹ́ àgbẹ̀, S. Ìmọ̀ ẹ̀kọ́, L. Ẹ kọ ti ẹ̀ka tiyín sí ẹ̀yìn ìwé nóòtù yín lónìí. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́, ẹ rìn lọ sídìí pẹpẹ yẹn, ẹ máa wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ ó tilẹ̀ rí ìwé tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà, torí àwọn ìwé tó bára wọn tan, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń gbé.

Ìkejì, bí tiyín bá kú, ẹ yá ojú ẹlòmíràn lò. Kátálọ́ọ̀gù Library of Congress ní Amẹ́ríkà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, WorldCat náà ṣí. Ẹ fi fóònù wá ìwé náà níbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún un, kí ẹ wá gbé nọ́ńbà náà lọ sí pẹpẹ láíbìrì tiyín. Níwọ̀n bí ọ̀nà ìtòwé ti jẹ́ ọ̀kan náà, bí ìwé náà bá wà ní iléèwé yín, ibẹ̀ tàbí ìtòsí ibẹ̀ lẹ ó ti bá a. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ọgbọ́n yìí, bí kátálọ́ọ̀gù iléèwé rẹ̀ dákẹ́ fún oṣù kan, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ.

Ìkẹta, ẹ mọ ibi tí ìwé jọ́nà ọ̀fẹ́ wà. African Journals Online ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ. Directory of Open Access Books ní ìwé tí a kì í sanwó fún. Ètò Research4Life náà wà fún àwọn iléèwé tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì bóyá iléèwé yín wà níbẹ̀ àti bí ẹ ó ṣe wọlé.

Ìkẹrin, ẹ mọ òṣìṣẹ́ láíbìrì lórúkọ. Ẹ kí wọn: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ sà." Ẹni tó ti to ìwé fún ogún ọdún, kátálọ́ọ̀gù tí kò nílò iná ni. Lójoojúmọ́ ni ọmọ wa ń kọjá níwájú wọn pẹ̀lú ìfetíwọ́ọ̀tì, kò kí wọn, ó wá ń béèrè ìwé lọ́wọ́ gúrúpù WhatsApp.

Ìkarùn-ún, ohun tí ẹ bá rí lónìí, ẹ tọ́jú rẹ̀ lónìí. Ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé, orúkọ ìwé, ọdún, nọ́ńbà pẹpẹ àti ojú ìwé sílẹ̀. Ẹ má sọ pé "màá padà wá wò ó". Ẹ sì má lo pásíwọ̀dù kan náà fún láíbìrì, Facebook àti báǹkì. Bí olè bá wọ láíbìrì, ìkápá ilé yín ló ti gbà yẹn.

Ẹ̀yin òbí

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni tiyín. Bí ọmọ bá pè pé láíbìrì kò ṣí, ẹ má sáré sọ pé irọ́ ló ń pa, pé ó fẹ́ gba owó dátà ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé wọ́n lẹ ìkéde? Ta lo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Kí lo ti rí lórí pẹpẹ? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ náà ń ṣiṣẹ́, ẹ ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá rí ẹyọ kan dáhùn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bó bá sì sọ fún yín pé òun fẹ́ sanwó fún ẹni tó máa bá òun kọ púrójẹ́ẹ̀tì, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ọmọ kò fi orí ara rẹ̀ gbà, níbi iṣẹ́ ló ti máa tú u láṣìírí.

Ẹ̀yin alága àti ìgbìmọ̀

Mo wá sí ibi tí mo fẹ́ ká jọ jíròrò. Ìmọ̀ràn kan wà nílẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ dá owó, ká ra kọ̀ǹpútà sí yàrá ìkàwé kan nílùú, kí àwọn ọmọ wa lè máa wá ìwé láti ilé. Mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Àmọ́ ohun tí mo ń bẹ̀ wá ni pé ká má ra kọ̀ǹpútà ogún ká wá gbàgbé ọdún kejì. Gbogbo wa la ti rí i: ọjọ́ ìṣílé, a ó gé ríbọ́nnì, a ó ya fọ́tò, fọ́tò á dé orí gúrúpù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, bátìrì ti kú, dátà ti tán, eruku ti bo gbogbo rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sí Èkó. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Àbá mi nìyí. Ká ra mẹ́wàá dípò ogún. Owó mẹ́wàá tó kù, ká pín in sí mẹ́ta. Apá kan fún sólà àti bátìrì, torí a ti sọ ohun tí iná òjijì ń ṣe sí server. Apá kejì fún ọ̀dọ́ ìlú méjì tí a máa rán lọ kọ́ bí a ṣe ń tún ètò bíi Koha ṣe, kó má di pé gbogbo ìgbà la ó máa ránṣẹ́ pe ẹni tó wà ní Ìkẹjà. Méjì ni mo ní, kì í ṣe ẹyọ kan, torí bí ẹyọ kan bá rí físà, a ti tún bọ́ sí òkùnkùn. Apá kẹta, ká fi sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọdún mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ká sì fi ohun tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà náà. Ó ṣeé ṣe. Lọ́dún 1999 ni Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀ sínú àpótí fún àwọn iléèwé ilẹ̀ Áfíríkà, ètò tí wọ́n pè ní TEEAL. Wọ́n mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò dúró, wọ́n bá gbé ìwé náà tọ̀ wá wá. Kiwix náà wà lónìí, ọ̀fẹ́ ni, ó lè gbé odindi Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà láìsí dátà kankan. Bí wáyà òkun bá tún já, ọmọ Ìgbògbò á ṣì rí nǹkan kà.

Lákòótán, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn yunifásítì tí ọmọ wa pọ̀ sí. Kì í ṣe lẹ́tà ìjà. Ká bẹ̀ wọ́n fún nǹkan mẹ́ta péré: kí wọ́n kéde ìtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n má ṣe é ní àsìkò púrójẹ́ẹ̀tì àti ìdánwò, kí wọ́n sì tẹ àkójọ ìwé pẹpẹ sórí bébà, kí ó wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tó jẹ́ olùkọ́ ní àwọn yunifásítì wọ̀nyí, ẹ bá wa gbé lẹ́tà náà dé ọwọ́ tó yẹ. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, bí láíbìrì yín bá ní ìwé tí wọ́n fẹ́ fi tọrẹ, ẹ kọ́kọ́ fi àkójọ rẹ̀ ránṣẹ́ ká yàn, kí ẹ má di ohun tí kò wúlò sínú kọ̀ǹténà.

Ẹ̀yin ará ìlú mi, ìwé kò kúrò lórí pẹpẹ. Ẹni tó ń júwe rẹ̀ ló ń rẹ̀ nígbà míràn, àfi ká kọ́ ọmọ wa ní ọ̀nà kejì àti ọ̀nà kẹta, kó má baà jókòó sẹ́nu ọjà máa sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ẹ fi èrò yín lórí àbá mẹ́wàá dípò ogún ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ má kọ ọ́ sórí gúrúpù nìkan, torí á rì sáàárín "ẹ kú ọjọ́ ìbí". Ìgbògbò á máa gòkè, àwọn ọmọ wa ò ní ṣìnà.